Oyún Àlàájì Hàrúnà

Kí n tó sọ bí Àlàájì Hàrúnà ṣe lóyún, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí Láwùmí jẹ́ fún yín, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà já lé.

Láwùmí kì í fọkàn tán ènìyàn. Mo sọ ọ́ gbangba, òun náà ò sì ní bá mi jiyàn. Lọ́dún 1997 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta gíláàsì fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ kún bẹ́líìtì rẹ̀ bí ti wọ́dà. Ti ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ti dúrọ́ọ̀ wà níbẹ̀, ti kọ̀ǹpútà pàápàá wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ní ihò kọ́kọ́rọ́ níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ta lẹ rí tó ń tì í? Láwùmí ń tì í. Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, á tì í. Tí ènìyàn bá mú dísìkì wá fún un, ìka méjì ni yóò fi di etí rẹ̀ mú, á ní, "Níbo lo ti gbé eléyìí bọ̀? Inú kọ̀ǹpútà ta lo ti yọ ọ́ bọ̀?" bí ẹni pé inú gọ́tà ni wọ́n ti ṣà á.

Omi ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ débẹ̀. Láwùmí kì í mu omi nílé onílé. Ìgò omi rẹ̀ wà nínú báàgì, ibi yòówù kó máa lọ. Ẹ gbé omi tútù síwájú rẹ̀ lórí tíréè lójú òòrùn ọ̀sán gangan, á ní, "Ẹ ṣeun, òùngbẹ ò gbẹ mí." Kó tó jáde sí ẹnu géètì yín tán, á ti ṣí ìgò rẹ̀.

Ìwà yìí gan-an ló sì fi ń jẹun. Èdè C++ ló fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò àti ilé ìwòsàn, ẹni tí ètò tirẹ̀ bá sì yarí fún, láti Agbowó títí dé Challenge, ọ̀dọ̀ Láwùmí ló ń gbé e wá. Á jókòó tì í, á máa fi ìka tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan, á máa da ìbéèrè bò ó bí ọlọ́pàá: "Ìwọ, kí lò ń ṣe níbí? Ta ló rán ọ wá?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní ètò òun ń pe orúkọ gbogbo ènìyàn àfi ti ẹni tó kẹ́yìn. Láwùmí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Òdo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, o wá dúró kó tó pé. Kí ni ẹni ìkẹyìn fi ṣe ọ́?" Òmíràn ní gbogbo ẹni tó bá ti wọlé sínú ètò òun ni ètò náà ń pè ní ọ̀gá pátápátá. "Àmì ìdọ́gba kan lo kọ níbi tó yẹ kí o ti kọ méjì," ni Láwùmí wí. "O ò bi í bóyá ọ̀gá ni. Ńṣe lo fi í jẹ ọ̀gá!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ sílé.

Kò sí ìlà tí kì í fura sí, àfi èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ẹ má tíì bú u o. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Adéṣọlá, tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń dà láàmú. Láwùmí ló máa ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ ọmọ náà bó bá ń ké. Adéṣọlá ò pẹ́ láyé tó fi lè wọ ilé ìwé girama. Àwọn òbí wọn ò mọ ohunkóhun nípa jínótáìpù nígbà tí wọ́n fẹ́ra wọn, AS fẹ́ AS, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyẹn. Láwùmí àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Démiládé, ló kù, AS sì ni àwọn méjèèjì. Nínú ilé yẹn, wọn kì í fi jínótáìpù ṣeré.

Nígbà tó wá tó ọkọ fẹ́, Ọlálẹ́yẹ dé. Ọkùnrin náà rẹwà, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mú ìwé àyẹ̀wò wá pé AA lòun. Nǹkan ìgbéyàwó ti ń lọ ní pẹrẹu kí ara tó fu Láwùmí. Ó fa Ọlálẹ́yẹ lọ sí láàbù mìíràn, ó dúró tì í títí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. AS. Ẹnì kan ló bá a tẹ ìwé ti àkọ́kọ́ ní Dùgbẹ̀. "Torí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ni," ni Ọlálẹ́yẹ wí. Láwùmí ò sunkún lójú rẹ̀. Ó dé ilé kó tó sunkún, ó sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú Adéṣọlá jáde. Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ ti ń pọ̀ sí i lórí bẹ́líìtì.

Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Adéyẹmọ, tí wọ́n ní ilé ìwòsàn àti láàbù ní Ring Road, ní kí ó wá kọ ètò tí yóò máa tọ́jú èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn, Láwùmí gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba ẹ̀san. Kò sí ẹni tí yóò tún lọ ra AA ní Dùgbẹ̀ mọ́! Nígbà tó parí ètò náà, ó ní kí àwọn ará láàbù jáwọ́ nínú fífi bírò kọ èsì. Ohun tí ènìyàn fi bírò kọ, ó ní, ènìyàn lè fi bírò yí i. Dókítà rò ó, wọ́n sì gbà.

Ó tún ṣe ohun kan tí inú rẹ̀ dùn sí gidigidi. Ó jókòó lẹ́bàá Lateefat, ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ará Ìbàdàn kì í dá lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ á mú ìyàwó wá, ìyá á kó ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n á ní kí àbúrò sin òun. Lateefat á wá máa tẹ orúkọ bàbá kan náà, ilé kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, á máa kùn. Láwùmí bá ṣe bọ́tìnnì kan fún un. Bí o bá ti kọ ti ẹni àkọ́kọ́, tẹ bọ́tìnnì náà, ètò á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnì kejì, orúkọ àti ọjọ́ orí nìkan lo máa pààrọ̀. Lateefat fò sókè. "Àǹtí Láwùmí, Ọlọ́run á fún yín lọ́kọ rere!" Láwùmí ranjú mọ́ ọn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí Ṣemílóore tó dé.

Démiládé ló mú un wá sílé. Démiládé ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Dùgbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bódìjà ló sì ń gbé. Tíṣà ni Ṣemílóore nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Challenge, ará Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Láwùmí ní ẹ̀rín náà ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ Dókítà Adéyẹmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó sì mú ìwé wá: AA. Màmá wọn jó láti pálọ̀ dé kíṣìnnì. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Láwùmí pàápàá tẹ̀ lé wọn lọ kí àwọn òbí Ṣemílóore ní Challenge, Ṣemílóore gbé omi wá lórí ìkúnlẹ̀, Láwùmí sì ní, "Ṣeun, òùngbẹ ò gbẹ mí." Ó kù díẹ̀ kó fẹ́ràn ọmọ náà o. Ó kù díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Láwùmí lọ sí ilé ìwòsàn láti wo bí ètò rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Lateefat ti jáde lọ ra ẹ̀wà. Láwùmí nìkan ló wà níwájú kọ̀ǹpútà. Kò yẹ kó wo ohun tó wò, ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Ó tẹ orúkọ Ṣemílóore.

AS.

Ó pa á, ó tún un ṣí. AS. Ó rí Ọlálẹ́yẹ níwájú rẹ̀ kedere, ó rí Adéṣọlá níbi tó ti ń ké lórí ẹní. Ó ní, "Wọ́n tún ti dé." Kò bi Lateefat, kò bi àwọn ará láàbù, kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ti ń fu tẹ́lẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ mọ́ ni?

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Ṣemílóore wá kí wọn ní Bódìjà. Màmá wọn wà níbẹ̀, wọ́n ti Àpáta wá. Láwùmí ò jẹ́ kí ọmọ náà jókòó dáadáa.

"Ṣemílóore, kí ni jínótáìpù rẹ?"

"AA ni, Àǹtí. Ẹ ti rí ìwé mi."

"Èló lo ra ìwé náà?"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Ṣemílóore kò tètè kúrò, torí ó rò pé eré ni. Ìgbà tí kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín ni ojú rẹ̀ yí padà. Láwùmí rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ó ní òun lòun kọ ètò tó tọ́jú èsì náà, òun ò sì kọ ọ́ kó máa purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìwé lè purọ́, ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó rẹwà. Màmá wọn káwọ́ lérí, wọ́n yíjú sí Ṣemílóore. "Háà, ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ kí n tún sin òmíràn ni?"

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ṣemílóore fi tún mú ìwé mìíràn dé, láti láàbù kan ní Oníréke. AA. Láwùmí ò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Dùgbẹ̀ kò jìnnà sí Oníréke," ló wí.

Ojú Démiládé ti pọ́n. "Ṣemílóore, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ lọ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lójú gbogbo wa."

Ṣemílóore yíjú sí i. "Ìwọ náà, Démiládé?" Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. "Mi ò ní na apá mi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá ní AA, wọ́n á ní mo ti fún àwọn yẹn náà lówó." Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

"Ẹ rí i?" ni Láwùmí wí. "Ẹni tí kò purọ́ kì í sá."

Wọ́n fagi lé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Démiládé kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Agbowó, kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ì báà ṣe lórí fóònù. Ó dun Láwùmí. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti gba àbúrò òun sílẹ̀, ọjọ́ kan á dé tí á dúpẹ́.

Ó dáa, Àlàájì Hàrúnà wá wọlé wàyí.

Táyà mọ́tò ni Àlàájì ń tà. Wọ́n fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà Adéyẹmọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ìwé rẹ̀ nù. Wọ́n padà wá, Lateefat tẹ òmíràn jáde fún wọn, kò wò ó, ó ká a sínú àpòòwé, Àlàájì sì gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Láwùmí wà nílé ìwòsàn nígbà tí ó gbọ́ ohùn Àlàájì láti ẹnu géètì.

"Níbo ni dókítà wà? Níbo ló wà? Wọ́n ní mi ò lè wọ bàálù! Wọ́n ní mo lóyún!"

Àwọn aláìsàn tó jókòó síta dìde dúró. Àlàájì Hàrúnà, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun wọn àti ikùn wọn tó yọ díẹ̀ níwájú, na ìwé náà sí gbogbo ènìyàn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ orúkọ wọn: oyún wà. Obìnrin kan tó ń wúkọ́ rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé e lọ. Àlàájì ní gbogbo ọ́fíìsì ìrìn àjò náà ló ń bi àwọn léèrè oṣù tí àwọn máa bí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí Láwùmí kọ́kọ́ wí? "Àlàájì, ta lẹ bá ṣe ọ̀tá? Ta ló fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó yíjú sí Lateefat. "Ta ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yìí? Ta lo fún láyè?" Lateefat ti ń búra.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu Láwùmí lọ́wọ́ ni nǹkan kan kọ lù ú lọ́kàn. Ènìyàn lè fẹ́ kí wọ́n yí AS padà sí AA fún òun. Èyí yé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rin ìrìn kọ̀rọ̀ nítorí kí wọ́n lè kọ ọ́ pé Àlàájì Hàrúnà lóyún? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Fún ìgbà àkọ́kọ́, Láwùmí wá ẹni tí yóò fura sí, kò rí ẹnì kankan.

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àlàájì, ta lẹ jọ wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn?"

"Èmi àti Zùwáírátù, ìyàwó mi."

"Kí ni wọ́n sọ fún ìyàwó yín?"

"Òun ló lóyún!" ni Àlàájì pariwo. "Òun! Kì í ṣe èmi!"

Láwùmí yíjú sí Lateefat, ó bi òun náà ní ìbéèrè kan, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. "Ṣemílóore... àti ta ló wá?"

"Òun àti àbúrò rẹ̀, Jọlá. Bọ́tìnnì ẹ̀dà yín ni mo lò."

Láwùmí tẹ orúkọ Jọlá. AS. AS ti Jọlá ló jókòó sórí orúkọ Ṣemílóore láti ìgbà náà.

Ó padà sí Bódìjà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ṣí ètò rẹ̀. Ìdí ìṣòro náà kò tilẹ̀ le. Nínú èdè C++, ènìyàn á kọ́kọ́ ṣe kíláàsì, bí ìgbà tí ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù bá ṣe mọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi mọ́ọ̀dù náà yọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan jáde. Ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò kò sí lára aláìsàn fúnra rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà, níbòmíràn nínú kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà ni aláìsàn gbé dání. Nígbà tí Lateefat bá tẹ bọ́tìnnì, ètò á da gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ kọ fún ẹnì kejì, títí kan kọ́kọ́rọ́. Kò ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Àwọn méjèèjì wá ń lo kọ́bọ́ọ̀dù kan. Èsì Ṣemílóore kọ́kọ́ wọlé, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, AA ni, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà ni ti Jọlá wọlé, ó sì lé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n sì fi máa pa kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, ohun tí ètò bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí Láwùmí ń dán an wò níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà tí èsì bá wọlé ló ń tẹ ìwé rẹ̀, kò padà lọ wo ti ẹni àkọ́kọ́ rí. Kí ni ì bá padà lọ wò? Ṣebí òun ló kọ ọ́?

Ó wo kọ́kọ́rọ́ tó kún ìbàdí ara rẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ ní ohùn rara.

Àtúnṣe náà kò gbà á ní ìlà púpọ̀. Ó kọ́ kíláàsì náà bí yóò ṣe máa ṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀: kí ó kọ́kọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun fún ẹnì kejì, kó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé irú àṣìṣe yìí wá bá a, ì bá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Dókítà Adéyẹmọ. "Ẹ̀bi ètò mi ni, sà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fi bọ́tìnnì yẹn kọ orúkọ rẹ̀, ẹ pè wọ́n padà. Ẹ sì jẹ́ kí láàbù tún mú bírò wọn." Dókítà bú u díẹ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á. Ibi tó le kù níwájú.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ Démiládé ní Dùgbẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Démiládé ò pariwo. Wọ́n jọ wọ takisí lọ sí Challenge. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Ṣemílóore, Démiládé dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ wọlé ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bà á jẹ́. Mo tẹ̀ lé yín ni."

Jọlá ló ṣílẹ̀kùn, ó sì ń wo Láwùmí bí ẹni tó wá fa ìjà. Ṣemílóore jókòó nínú pálọ̀, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbé omi wá.

Láwùmí fẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má dán an wò," ni Ṣemílóore wí. "Ẹ jókòó, kí ẹ sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́. Ó sọ nípa bọ́tìnnì, ó sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù, kò fi ohunkóhun bò. Ó ní, "O ò purọ́. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọ, èmi àti ẹ̀rọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú." Nígbà tó dé ibi Àlàájì Hàrúnà, Jọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ṣemílóore ò lè mú un mọ́ra, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú.

"Àǹtí Láwùmí," ló wí, "tí Àlàájì ò bá lóyún ńkọ́?"

Láwùmí la ẹnu. Ó ní ohun tó lè sọ. Ó lè ní ọkàn òun ò tíì balẹ̀ látìgbà náà, ó lè ní òun ti ń bọ̀ wá tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni gbogbo wọn.

"Ǹ bá má wá," ó ní. "Títí ayé ni ǹ bá máa pè ọ́ ní òpùrọ́."

Ṣemílóore dìde, ó wọ inú kíṣìnnì lọ. Nígbà tó padà dé, ife omi kan ló wà lórí tíréè tó gbé wá síwájú Láwùmí. Kò sọ pé kó mu ún. Gbogbo ilé náà ló mọ̀ pé Láwùmí kì í mu omi nílé onílé, ìgò tirẹ̀ sì nìyẹn tó yọrí nínú báàgì.

Láwùmí gba ife náà. Kò wo inú rẹ̀, kò gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún títí kò fi ku ẹ̀kán kan, ó sì gbé ife náà padà sórí tíréè.

"Ẹ pe Démiládé wọlé," ni Ṣemílóore wí. "Mo rí i láti ojú fèrèsé. Òùngbẹ á ti máa gbẹ òun náà."